Ẹni Tí Yẹ̀kínì Pè Wá Jẹun

Ọjọ́ Ajé, 9 Jánúárì 1956

A dé ẹsẹ̀ àpáta lẹ́yìn Kuta lọ́sàn-án. Èèyàn mẹ́rin péré. Ọ̀gá Ọlátúndé tó ń wọnlẹ̀ — Ọ̀gá Awò ni mò ń pè é níhìn-ín, nítorí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Bàbá Àkànbí, àgbẹ̀ Kuta tó ń fi àdá lànà fún wa. Yẹ̀kínì tó ń fa ṣéènì tí a fi ń wọn ilẹ̀. Èmi Matiu, kúùkù. Ọ̀sẹ̀ méjì la ó lò.

Èmi ni mo wá iṣẹ́ yìí fún Yẹ̀kínì. Òun ló fẹ́ Mọ́láyọ̀ àbúrò mi, oyún oṣù méje sì wà nínú Mọ́láyọ̀. Kí a tó kúrò ní Ìwó, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, bí ẹ ṣe mú un lọ, ẹ bá mi mú un bọ̀ bẹ́ẹ̀." Mo ní ṣé ogun là ń lọ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Jánúárì

Oúnjẹ àpáta kò fẹ́ ọbẹ̀. Mo ṣe àádùn: àgbàdo yíyan tí mo lọ̀ kúnná, epo pupa, iyọ̀, ata díẹ̀. Mo fi ewé dì í ní ẹyọ ẹyọ. Ó ń wọ àpò ṣòkòtò, kì í bà jẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀kọ tútù mẹ́jọ pẹ̀lú àkàrà, méjì méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Gààrì àti kúlíkúlí fún ìrọ̀lẹ́ — kò gba iná.

Ọ̀gá Awò ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó máa wá lẹ́yìn wa. Mo ní mo ti ń kọ ọ́. Kò mọ ohun mìíràn tí mò ń kọ mọ́ ọn.

Ọjọ́rú, 11 Jánúárì

Ohun kan pa wá lẹ́rìn-ín lónìí. A jókòó jẹun lágbedeméjì àpáta. Ọkùnrin kan ń kọjá nísàlẹ̀, aṣọ funfun, kò gbé nǹkan kan lọ́wọ́. Yẹ̀kínì nahùn sí i: "Ẹ wá jẹun o." Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn. Onítọ̀hún á ní, "Á gba ibi ire," á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Eléyìí dúró. Ó gbójú sókè wò wá. Ó ní, "Mò ń bọ̀."

Ọ̀gá Awò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ebi yẹn ti dé egungun. Èmi ti ń bínú sílẹ̀, nítorí oúnjẹ mi ní ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò gòkè wá. Bàbá Àkànbí nìkan ni wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ẹ̀kọ wọn sílẹ̀. Wọ́n ní kò sí ọ̀nà níbi tó ti kọjá yẹn, pé ọ̀gbun ni.

Ọjọ́bọ̀, 12 Jánúárì

Ẹ̀kọ mẹ́jọ ni mo dì gòkè. Méje la bá. Mo fẹ̀sùn kan Yẹ̀kínì, ó fi Àlùkùránì búra.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Jánúárì

A dé orí téńté. Igbó dí níbẹ̀ débi pé Bàbá Àkànbí gé e fún bíi wákàtí kan kí a tó ríbi dúró sí. Láàárín ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ewé ẹ̀kọ kan wà nílẹ̀. Ẹnìkan ká a sí mẹ́rin, ó fi òkúta kékeré tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ewé mi ni. Mo máa ń ya etí kan lára ewé kí n tó fi pọ́n ẹ̀kọ.

Ọ̀gá Awò ní ọ̀bọ ni. Mo bi í bóyá ọ̀bọ ń ká ewé. Ó tẹjú mọ́ awò rẹ̀.

Yẹ̀kínì lọ jókòó sí ọ̀ọ́kán, ó kẹ̀yìn sí wa. Ó pín àkàrà rẹ̀ sí méjì.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Jánúárì

Kò sí iṣẹ́ lónìí. Mo dá orin ìsìn kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

Yẹ̀kínì ò jẹun láti àná. Mo se ẹ̀wà, mo dín ata sí i bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá, mo ti yó." Mo ní níbo ló ti jẹun. Ó ní lọ́dọ̀ àlejò òun. Ọwọ́ wọn tutù díẹ̀, ó ní, ṣùgbọ́n èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọ́n sì ti ní kí òun náà wá kí àwọn nílé. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ará Olúpọ̀nnà kan, ìlú tó wà nítòsí wa.

Mo di apá rẹ̀ mú. Egungun ni. Ọjọ́ mẹ́rin péré. Ẹ̀rù bà mí.

Ọjọ́ Ajé, 16 Jánúárì

Ọ̀gá Awò ní ibà ni, ó fún un lóògùn. Mo gbàyè pé kí n mú un lọ sílé. Èmi, òun àti Bàbá Àkànbí rìn dé etí odò. Ó dúró. Ó ní kò dáa kí òun kúrò láìdágbére fún àlejò. A fà á, àwa méjèèjì. Ọkùnrin tí mo lè dá gbé pọ̀n, kò ṣeé mì. A mú un padà sí ibùdó, ẹsẹ̀ rẹ̀ tún yá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Jánúárì

Mo bẹ Bàbá Àkànbí pé kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀. Wọ́n ní àgbẹ̀ lásán làwọn. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní, "Matiu, nínú ilé yín, bí àlejò àbúrò rẹ bá wọlé tó o bá wà níjòókòó, ta ló máa gbà á lálejò?" Mo ní èmi ni. Wọ́n ní, "Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn." Wọ́n tún ní kí n má ṣe é, pé ẹni tó bá gbà á lálejò ló máa di tirẹ̀. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́rú, 18 Jánúárì

Mo rò ó látàárọ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níhìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 19 Jánúárì

Oòrùn wà lókè gan-an nígbà tí mo ṣe é. Abọ́ tánganran kan, iṣu sísun, epo, ẹja gbígbẹ. Èmi nìkan ni mo gòkè lọ síbi tí a ti jókòó lọ́jọ́ yẹn. Mo gbé e kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàsán, Bàbá. Àbúrò mi ló pè yín, ṣùgbọ́n èmi ni mo ni ilé. Ẹ wá jẹun lọ́dọ̀ mi."

N kò rí ẹnì kan. Nígbà tí mo máa fi dìde, abọ́ ti ṣófo, epo inú rẹ̀ pàápàá ti mọ́. Ohùn kan ní, "O ṣé. Oúnjẹ rẹ dùn." Láti ọjọ́ tí mo ti ń dáná fún àwọn ará ibùdó yìí, òun lẹni àkọ́kọ́ tó yìn mí.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Yẹ̀kínì ló ń fọwọ́ fá ìdí ìkòkò ẹ̀wà. Ó ní ebi fẹ́ẹ̀ pa òun kú. Mo sunkún. Mo ní èéfín ló kó sí mi lójú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Jánúárì

Iṣẹ́ parí. A dé Ìwó. Mọ́láyọ̀ fọwọ́ pa ojú ọkọ rẹ̀ lára, ó ní ó rù. Mo ní oúnjẹ mi ni kò fẹ́ràn.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Jánúárì

Lẹ́yìn ìsìn, mo lọ jẹun nílé wọn. Yẹ̀kínì fúnra rẹ̀ ló gúnyán, kò jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kan ọmọ odó. A jókòó síwájú ilé, níbi tí atẹ́gùn wà. Òkèlè ńláńlá ni Yẹ̀kínì ń gbé mì, Mọ́láyọ̀ ń wò ó, inú rẹ̀ ń dùn. Inú tèmi náà dùn. N kò rí òkèlè kan gbé mì.

Ọkùnrin aláṣọ funfun kan ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Yẹ̀kínì ò rí i. Mọ́láyọ̀ rí i. Ọmọ tí a kọ́ ni, ẹ̀mí méjì ló sì wà lára rẹ̀. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó ní, "Ẹ wá —"

Mo fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Mo bò ó tó bẹ́ẹ̀ tí ọbẹ̀ fi dànù. Láti kékeré, n kò fọwọ́ líle kàn án rí. Èmi ni mo yára dá ọkùnrin náà lóhùn. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu àtiwọlé, pé èmi ló máa wá dáná fún wọn lọ́hùn-ún. Ó mi orí pé òun gbà, ó yí padà. Mọ́láyọ̀ ń sunkún. Yẹ̀kínì ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí ló ṣe yín?" Mo dìde, mo lọ sílé.

Mo ti di èlùbọ́, epo, iyọ̀ àti ìkòkò kékeré kan. Mo lọ dágbére fún Mọ́láyọ̀, kò jáde sí mi. Ó dára bẹ́ẹ̀. Bó bá ń bínú sí mi, kò ní rán Yẹ̀kínì pé kó wá mi lọ sí àpáta yẹn.