Bí A Ṣe Ń Se Munkoyo Nínú Ìpínrọ̀ Kan

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, aago méjì ọ̀sán. Ọ̀gá ilé-ìwé ti là á mọ́lẹ̀: ẹni tó bá máa ṣe olórí ilé ìdáná gbọ́dọ̀ lè kọ bí a ṣe ń se nǹkan, kí ẹlòmíì kà á, kó sì sè é bó ṣe yẹ. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà nídìí ààrò yẹn. Bí mi ò bá yege lóṣù yìí, ọmọdébìnrin tó ka ìwé jù mí lọ ni wọ́n máa fi ṣe ọ̀gá mi.

Mís Namukolo, ọmọ ìlú Mongu ní ìwọ̀-oòrùn Zambia, ló ń kọ́ wa. Kò se munkoyo rí, ohun mímu tí a ń fi ẹ̀kọ àgbàdo àti gbòǹgbò igi ṣe. Abẹ́rẹ́ ni mò ń pè é níbí — ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń gúnni.

Ọjọ́bọ̀, 7
Mo kọ ti munkoyo. Ro ẹ̀kọ àgbàdo. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ti ìka bọ̀ ọ́, dárúkọ àwọn ọmọ rẹ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí o bá dárúkọ wọn tán tí ooru ò lé ìka rẹ jáde, da omi gbòǹgbò tí o gún sí i. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn.

Abẹ́rẹ́ kà á, ó wojú mi. "Mama, èmi tí mi ò tíì bímọ ńkọ́?"

Ìyá Kasuba, tí a jọ ń dáná nílé-ìwé, ní ká yá Mís lọ́mọ méjì. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín títí. Etí-Ehoro ni mò ń pe òun — ó pé ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń fimú fínlẹ̀ kó lè mọ bí munkoyo mi ṣe ń dùn.

Abẹ́rẹ́ ní kí n fi òǹkà rọ́pò orúkọ. Ní ọjọ́ Ajé, ẹnìkan máa tẹ̀lé ohun tí mo kọ, kò sì gbọ́dọ̀ bi mí ní ohunkóhun.

Àbámẹ́ta, 9
Ọmọ márùn-ún ni mo ní. Mo fi aago fóònù wọn bí mo ṣe ń dárúkọ wọn: ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Mo kọ mẹ́wàá.

Ọjọ́ Ajé, 11
Etí-Ehoro ni wọ́n yàn. Kò fo nǹkan kan, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ka mẹ́wàá, ó da omi gbòǹgbò sí i. A dúró. Ẹ̀kọ kò ṣàn. Ó ki bí amọ̀: ooru ṣì pọ̀ jù, ó ti pa agbára gbòǹgbò. Ìyẹ̀fun ife mẹ́rin ṣòfò.

Etí-Ehoro kọjú sí mi: "Ìyá Mwila, ẹ ò kúkú fẹ́ ká mọ̀ ọ́n. Ẹ fi nǹkan pamọ́."

Abẹ́rẹ́ ní ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú òun náà. Ó fún mi di Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12
Mi ò fi nǹkan kan pamọ́.

Ọjọ́rú, 13
Mo sè é bí mo ṣe máa ń sè é, mo wá ń ṣọ́ ẹnu ara mi. Mwila, Kunda, Besa — ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ẹni karùn-ún, ẹnu ò dákẹ́. Musonda, tí a sin. Lẹ́yìn náà, èyí tó lo ọjọ́ mẹ́ta láyé, tí èmi àti bàbá rẹ̀ nìkan mọ orúkọ rẹ̀. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélógún. Mi ò mọ̀ pé mo ṣì ń pè wọ́n.

Méje. Aago fóònù: mẹ́rìnlá. Ẹ̀kọ ṣàn bí omi.

Ọjọ́bọ̀, 14
Mo kọ mẹ́rìnlá. Abẹ́rẹ́ bi mí léèrè ìdí tó fi yí padà. Mo ní mo ṣi ìṣirò ṣe ni. Etí-Ehoro tún sè é, ó ṣàn. Abẹ́rẹ́ kọ ọ́ sí etí ìwé mi pé ó yé òun yékéyéké. Mo yege.

Ọjọ́ Àìkú, 17
Etí-Ehoro gbé garawa munkoyo wá sípàdé àwọn ìyá ìjọ. Mo mu ife kan. Tèmi gan-an ni, kò yàtọ̀. Wọ́n ń yìn ín, wọ́n ní kó kọ́ àwọn.

"Ẹ ti ìka bọ̀ ọ́, kí ẹ ka mẹ́rìnlá. Kò sí awo kankan nínú ẹ̀."

Mo bu ife kejì.