Ohun Tí Ó Fọ̀ àti Ohun Tí Ó Fọ́

Èmi, tí orúkọ mi ní kíkún wà nínú ìwé ilé àti ìwé ìgbéyàwó mi, ṣùgbọ́n tí kò sí ẹni tó ń fi pè mí bí kò ṣe dókítà, èmi Bàbá Ẹ̀rọ, ọkọ ìyàwó kan ṣoṣo tó ti lọ, bàbá ọmọ méjì, atúnẹ̀rọṣe tó ti fẹ̀yìntì, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. Ọpọlọ mi jí pépé. Ọpọlọ ni mo kọ. Ẹ wò ó dáadáa, kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. N kò sọ pé ọ̀pọ̀lọ́ mi jí pépé. Ìdí tí mo fi ń ṣe wàhálà báyìí yóò yé ẹni tó bá kà á dé ẹsẹ̀ kẹrin.

Ìwé yìí wà fún ọmọkùnrin mi, Dáwódù ilé mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì. Fún ọmọbìnrin mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Àti fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, Tíṣà, tí mo bẹ̀ kí wọ́n bá mi mú un ṣẹ. Bí mo bá ti kọ irú ìwé yìí rí, mo ti fà á ya.

1. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Nínú ìwé yìí, "fọ̀" ni kí a mú ìdọ̀tí kúrò lára aṣọ. "Fọ́" ni kí nǹkan bàjẹ́, kó di àfọ́kù. Tíṣà ní bí a bá ti so "fọ̀" mọ́ aṣọ, àmì orí rẹ̀ a máa bọ́, a ó sì kọ "fọ aṣọ". Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n jọ̀wọ́ má mú ìyẹn wọ inú ìhágún mi. Wàhálà tó wà nílẹ̀ ti tó.

2. Ilé. Ilé tí mo ń gbé yìí, àwọn ọmọ mi méjèèjì ni mo fi í fún. Kí Dáwódù gba òkè, kí Nọ́ọ̀sì gba ìsàlẹ̀. Balùwẹ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kí wọ́n má jà lé e lórí. Èmi àti ìyá wọn jà dáadáa nínú ilé yìí, ṣùgbọ́n a kò jà nítorí balùwẹ̀ rí. Ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìnkùlé kò gbọdọ̀ di ibi ìgbọ́kọ̀sí.

3. Àwọn ẹ̀rọ. Wọ́n ti bi mí títí ó fi sú mi pé kí ni àgbàlagbà ń fi ẹ̀rọ ìfọṣọ àtijọ́ ṣe. Títún wọn ṣe ni iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọmọ. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra tuntun, tí wọ́n ń ju ti àtijọ́ síta, mo ń kó èyí tí wọ́n jù síta wálé, nítorí mo mọ inú wọn, mo sì mọ̀ pé tuntun náà kò ní pẹ́ kọṣẹ́. Mo ní èyí tí a ń da aṣọ sí látòkè, mo ní èyí tí a ń ti aṣọ bọ̀ níwájú, mo ní oníkòtò méjì tó ń fọ̀ lápá kan, tó ń fún lápá kejì, mo ní ọ̀kan tó ní rólà méjì lórí, tó máa ń fún aṣọ bí ẹni tí inú ń bí. Wọ́n kún ṣẹ́ẹ̀dì.

Kíkó wọn jọ nìkan kọ́. Mo ń fi wọ́n wé ara wọn. N óò ya bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì funfun kan sí wẹ́wẹ́, n óò fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnì àti erùpẹ̀ pupa pa gbogbo rẹ̀ lára bákan náà, n óò wá fi ọṣẹ kan náà fọ̀ ọ́, ìkan nínú ẹ̀rọ yìí, ìkan nínú ẹ̀rọ yẹn. Ìyàwó mi ní bí a bá ń bá a lọ báyìí, orí fóòmù lásán la ó máa sùn. Síbẹ̀, bí aṣọ bá ti gbẹ, òun ló máa ń gbé e síwájú fèrèsé, nítorí ojú rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Èyí tó bá mọ́, á ní, "Ó fọ̀." Èyí tí kò bá mọ́, á ní, "Kò fọ̀." Èmi á mú ṣọ́ọ̀kì, n óò sì kọ ìdájọ́ rẹ̀ gàdàgbà sí ikùn ẹ̀rọ náà: FO. Tàbí: KO FO. N kì í fi àmì sí i. Ta ní ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ tí òun àti ìyàwó òun nìkan ń kà?

4. Ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi lẹ́sẹ̀. Mo wà lórí ibùsùn ọsibítù nígbà tí Dáwódù pinnu láti bá mi tún ṣẹ́ẹ̀dì ṣe. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ó gbàyè níbi iṣẹ́, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì sílẹ̀, ó mú ìgbálẹ̀. Ó wá rí ohun tí mo kọ. Ó rí FO, ó kà á sí "fọ́". Ó rí KO FO, ó kà á sí "kò fọ́". Ó pe àwọn onírin àlòkù, ó ní kí wọ́n máa kó gbogbo èyí tó fọ́ lọ.

Ẹ bá mi rò ó wò. Gbogbo èyí tó ń fọ aṣọ mọ́, ó kó wọn fún onírin. Gbogbo èyí tí kò wúlò, ó nù wọ́n, ó kùn wọ́n ní ọ́ìlì, ó tò wọ́n bí ọmọ iléèwé. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò kà á sí "fò", ì bá so wọ́n mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà fò lọ. Lọ́jọ́ tí mo fi ọ̀pá rìn wálé, ó dì mí lọ́wọ́ mú dé ẹnu ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ ń dán, ó ní, "Bàbá, gbogbo èyí tó fọ́ ni mo ti bá yín kó dànù o." Mo wòkè, mo wolẹ̀. Mo jókòó lé oníkòtò méjì kan tí kò fọ̀ rí láyé rẹ̀, n kò sì dìde títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àwọn ẹbí ní èmi ni mo jẹ̀bi, pé n kò fi àmì sí i. N kò gbà. Tẹlifóònù wà lápò ọmọ náà. Ẹni tó bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ẹsẹ̀ mi ni wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ẹnu mi kọ́.

5. Ti Dáwódù. Gbogbo ẹ̀rọ tó kù nínú ṣẹ́ẹ̀dì, mo fi wọ́n fún un. Kò sí ọ̀kan tó fọ́ nínú wọn, kò sì sí ọ̀kan tó fọ̀. Mo fún un ní sípánà mi, pẹ́ńsì mi, sukudiráfà mi, àti páálí ṣọ́ọ̀kì mi. Kó kẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń mú èyí tí kò fọ̀ fọ̀. Iṣẹ́ náà le, ṣùgbọ́n òun ló yàn wọ́n.

Dáwódù, nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́, o kì í sùn àfi bí ìyá rẹ bá gbé ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń yí. Ẹ̀rọ tó ń rẹ̀ ọ́ lẹ́kún náà wà lára èyí tí o kó fún onírin. Inú ń bí mi sí ọ, mo sì fẹ́ràn rẹ. Mo ti gbìyànjú kí ọ̀kan lé èkejì jáde, kò ṣeé ṣe, nítorí náà mo fi méjèèjì sílẹ̀ fún ọ.

6. Ti Nọ́ọ̀sì. Mo ní ẹ̀rọ méjì tó ń mú aṣọ gbẹ. N kò kọ ohunkóhun sí wọn lára, nítorí ológbò ilé wa ló ń bá mi fi wọ́n wé ara wọn: èyí tó bá lọ sùn lé lórí ni ooru rẹ̀ dọ́gba. Ọ̀kan máa ń jó kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì. Èyí tí ológbò yàn ni mo fún Nọ́ọ̀sì, òun àti ológbò. Kó má yà wọ́n nípá.

Inú ẹ̀rọ yẹn ni ìyá rẹ ti máa ń yọ tówẹ́ẹ̀lì gbígbóná, á fi bojú, á dúró bẹ́ẹ̀ títí tówẹ́ẹ̀lì náà á fi tutù. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn tó lọ, mo dán an wò. Mo dúró pẹ́.

7. Ibojì mi. Ẹ sin mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kọ nǹkan sórí òkúta, kí Tíṣà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá kọ "Ó sùn ní àlàáfíà", tí ẹ kò fi àmì sí i, ẹni tó ń kọjá á kà á pé "Ó sun", yóò sì dúró máa bèèrè ohun tí mo sun.

8. Ti Ìyá Olóhùn. Mo fi èyí sẹ́yìn nítorí ó le. Ìyá Olóhùn ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí èmi àti ìyàwó mi gbé wọlé, onífèrèsé roboto níwájú. Bó bá ń fún omi dànù ní ìparí, ó máa ń kọrin. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí mo bá dán àwọn ẹ̀rọ wò, òun ló ń borí, FO orí ikùn rẹ̀ sì ti pọ̀ títí kò fi sí ààyè mọ́. Ẹ mọ ohun tí Dáwódù rò pé ìyẹn túmọ̀ sí.

Alágbàfọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní òdìkejì títì rí i lórí kẹ̀kẹ́ onírin, ó sì rà á. Alágbàfọ̀ yìí, ọ̀rẹ́ mi ni nígbà kan. Àríyànjiyàn ló bà á jẹ́. Ó ní ẹ̀rọ tí a ń da aṣọ sí látòkè ló dára jù, pé onífèrèsé wà fún ẹni tó fẹ́ wòran. Ó sọ ọ́ títí, lójú ìyàwó mi. Ọkùnrin tó bú Ìyá Olóhùn láti ọjọ́ pípẹ́ wá náà ló wá ń fi í fọ aṣọ oníbàárà báyìí, tí mo ń gbọ́ orin rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Mo rán Tíṣà kí wọ́n lọ gbà á wá. Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún un pé èyí tó fọ́ ni mo rà, mo kà á lára rẹ̀." Ọkùnrin tí "fọ̀" wà nínú orúkọ iṣẹ́ rẹ̀!

Ṣùgbọ́n mo mọ ohun kan. Rọ́bà ẹnu Ìyá Olóhùn ti gbó. Mo ń rí omi tó ń ṣàn jáde lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà bọ́ sí gọ́tà ní gbogbo ìgbà tó bá kọrin. Àkísà ni wọ́n fi dí i. Bí omi yẹn bá dé ara mọ́tò tó ń yí i nínú, ó parí, kò sì sí àtúnṣe. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe rọ́bà náà ti kógbá sílé tipẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo tó kù wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, nínú síkáàfù ìyàwó mi. Alágbàfọ̀ mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ mi, kò sì wá bèèrè. Mo mọ̀ pé ó nílò rẹ̀, n kò sì gbé e fún un. Mo ń dúró kó wá bẹ̀ mí. Òun náà sì ń dúró kí n kú.

Nítorí náà, bí mo bá kú, kí Tíṣà gbé rọ́bà náà fún Alágbàfọ̀.

Mo kọ ìlà òkè yìí tán, orin náà bẹ̀rẹ̀ ní òdìkejì títì, mo sì rí omi. Ó pọ̀ ju ti àná lọ. Inú bí mi gidigidi. Dókítà ní ara mi le. Bí ẹ̀rọ yẹn bá kú ṣáájú mi ńkọ́? Mo fa igi lé ìlà náà. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ẹ má dúró de ikú mi. Ẹ gbé rọ́bà náà lọ nísinsìnyí, kí ẹ sì dá síkáàfù padà fún mi.

9. Àfikún kí n tó fọwọ́ sí i. Tíṣà lọ. Alágbàfọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Kò lè fi rọ́bà náà sí i dáadáa, mo mọ̀ pé kò ní lè ṣe é. Ó wá kan ilẹ̀kùn mi fúnra rẹ̀. Mo fi ọ̀pá sọdá títì, mo fi hàn án, mo sì bú u bí mo ṣe ń fi hàn án. Ó bú mi padà. A fọ aṣọ kan wò. Gọ́tà gbẹ táútáú. N kò gba ẹ̀rọ náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tó wà, mo ń gbọ́ ọ.

Òfin ní ẹni tó bá jogún kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Níwọ̀n bí mo ti fún Alágbàfọ̀ ní tirẹ̀ lójú ayé mi, kò jogún ohunkóhun lọ́wọ́ mi, ó sì lè fọwọ́ sí i. Mo ní kó fọwọ́ sí i nìkan, kó má kọ nǹkan mìíràn. Kò gbọ́.

Mo fọwọ́ sí i lónìí, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, lójú àwọn ẹlẹ́rìí tí orúkọ wọn wà nísàlẹ̀ yìí:

Bàbá Ẹ̀rọ

Ẹlẹ́rìí kìn-ín-ní: Télọ̀ tí ilé rẹ̀ kan tèmi

Ẹlẹ́rìí kejì: Alágbàfọ̀ òdìkejì títì. Ó fọ̀.