Òrí àti Káfúrà Baba Àgbọ̀nrín

Ọjọ́rú, 6 oṣù kọkànlá, 2024

Baba Àgbọ̀nrín tún ti pa àgọ́ rẹ̀ sí pálọ̀. Ó ní òun ń wá ibi tó ti ya. Ní Becontree Heath níbí, nílùú òyìnbó! Ọláṣẹ́gun ọkọ mi nìyẹn, ọmọ ọdẹ Èkìtì, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Dókítà ní àyà rẹ̀ ò fẹ́ wàhálà mọ́, ó sì tún fẹ́ lọ sùn sórí òkè ní Scotland nítorí àgbọ̀nrín. Ọdún kẹsàn-án rèé tí òun àti Lùkmọ́nù, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní River Road, ti ń lọ. Ó ti ṣèlérí fún mi pé òun jáwọ́. Irọ́ gbuu.

Ọdọọdún ni mo máa ń po òrí mọ́ káfúrà fún un, kó lè fi para nínú òtútù. Mo ní mi ò po nǹkan kan lọ́dún yìí. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Fọlá, please now. Cold yẹn á pa mí o." Mo ní kó máa pa á lọ.

Ọjọ́bọ̀, 7

Wọ́n lọ ní ìdájí. Mo gbọ́ tó ń tú kọ́bọ́ọ̀dù nílé ìdáná. Mi ò dìde.

Àbámẹ́ta, 9

Ó pè. Ó ní fóòmù méjì lòun tẹ́ sábẹ́, torí ilẹ̀ ló ń fa ooru lára èèyàn ju afẹ́fẹ́ lọ. Ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ lòun ń wọ̀ sùn. Rọ́bà omi gbígbóná wà láàárín itan òun. Àfi bí ọmọ iléèwé níwájú tíṣà! Ó ń bẹ̀ mí ni, mo mọ̀. "Ó dáa" ni mo sọ. Mo sì pa fóònù.

Àìkú, 10

Lùkmọ́nù pè. Ẹkún ló fi bẹ̀rẹ̀. Nínú mọ́tò — lójú ọ̀nà ilé. Baba Àgbọ̀nrín ti lọ.

Ọjọ́bọ̀, 14

Wọ́n ní ọkàn ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Mi ò gbà. Òtútù ni. Èmi ni. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́ lẹ́nu mi, ó ti fọ́. Àwọn ìyá ìjọ wá gbàdúrà, mi ò lè sọ fún wọn. Nígbà tí wọ́n lọ, mo po òrí mọ́ káfúrà, ó kún abọ́. Ta ló fẹ́ fi para?

Ẹtì, 22

Lùkmọ́nù gbé ẹrù ọkọ mi wá. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní:

"Aunty Fọlá, Bọ̀dá ò lo òrí yẹn lórí òkè rí o, àfi first year yẹn. Àgbọ̀nrín gbóòórùn káfúrà, gbogbo wọn sá! Látìgbà yẹn, Sunday morning, tá a bá ti tú àgọ́ tán, ìgbà yẹn ló máa ń fi para. Ó ní tóun bá délé, kẹ́ ẹ lè gbóòórùn ẹ̀ lára òun, kínú yín dùn."

Mo bi í pé lọ́dún yìí ńkọ́.

Ó fa ike kan yọ lápò ẹrù náà. Ike èyí tí mo pò lọ́dún tó kọjá. Ohun tí ọkọ mi ń wá ní kọ́bọ́ọ̀dù nìyẹn. Ó ti ha á mọ́ tónítóní, ojú èékánná rẹ̀ wà nínú ike.

Lùkmọ́nù ti lọ. Mo gbé kọ́là ẹ̀wù òtútù ọkọ mi símú. Káfúrà.

Ẹ káàbọ̀, Baba Àgbọ̀nrín.