Fídíò Tí Mo Gé Ìkíni Kúrò Nínú Rẹ̀

                                        Ilé Kẹsàn-án,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
                                        Ọjọ́ kejì, Oṣù Kẹrin.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ìjì,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara ń mókun? Ẹsẹ̀ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ìbéèrè ẹsẹ̀ yẹn ti sú ọ, ṣùgbọ́n bí n kò bá bèèrè, ìwọ kan náà ni yóò sọ pé mi ò ka ẹsẹ̀ rẹ sí. Màmá ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ti sọ ara wọn di dókítà, pé wọ́n máa ń jí ọ ní kùtùkùtù kí o lè rìn yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ po kí wọ́n tó fún ọ lóúnjẹ. Wọ́n ṣeun. Bá mi kúnlẹ̀ kí wọn, tàbí kí o kàn tẹrí ba, nítorí orúnkún tí a ń tọ́jú lọ́wọ́. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ọkọ mi ń ránṣọ, àwọn oníbàárà rẹ̀ ń bínú pé aṣọ wọn kò tíì yá, ohun gbogbo ń lọ bó ṣe máa ń lọ.

Ìròyìn tí mo mú wá lónìí kì í ṣe kékeré. Ọ̀rẹ́ rẹ ti di oníkámẹ́rà. Jọ̀wọ́ má tíì rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí n kọ́kọ́ rò ó fún ọ.

Láti ọjọ́ tí alùpùpù rẹ ti yọ̀ lórí ọ̀nà tútù yẹn, tí ẹsẹ̀ rẹ sì kán, ni ọkàn ọkọ mi kò ti balẹ̀ mọ́ nípa tèmi. O mọ̀ ọ́n, kì í ṣe aláriwo. Ọkùnrin tó máa ń yọ gbogbo abẹ́rẹ́ ẹnu rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀ ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ní òun fẹ́ kí n ta alùpùpù mi. Kí n tó la ẹnu, ó ní oníbàtà tó wà ní òdìkejì wa ń wá èyí tí yóò máa gùn. Àṣé oníbàtà yìí ti wá wò ó nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́. Ó ti jókòó sórí rẹ̀, ó tiẹ̀ ti fun fèrè rẹ̀. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun àárọ̀ ọjọ́ náà.

Òótọ́ ni pé máṣíìnì náà ni mo fi ń lọ wo àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun nílé wọn, òun náà ló ń gbé àpò oògùn mi. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mò ń kọ̀wé sí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Bí ilé ìwòsàn bá fún mi ní mọ́tò tó ní ẹ̀rọ amúlétutù lọ́la, máṣíìnì yìí náà ni màá gùn. Orí rẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í ti í pè mí ní nọ́ọ̀sì, tí ẹnikẹ́ni kì í bi mí pé kí la máa jẹ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, bí ó bá sì lọ, mi ò mọ ohun tí màá fi rọ́pò rẹ̀.

A fa ọ̀rọ̀ náà títí, ìgbà tó yá ló wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní máṣíìnì kọ́ ló ń ba òun lẹ́rù. Ó ní bí mo bá ti yí kọ́nà báyìí, òun ò rí mi mọ́, ohun tó sì máa ń wá sọ́kàn òun ni bí ìwọ ṣe dùbúlẹ̀ lójú títì lọ́jọ́ náà. Mo ní tó bá jẹ́ ti rírí ni, á rí mi. A bá fi ìparí oṣù ṣe àdéhùn. Bí ohun tó rí bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, máṣíìnì dúró. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó di ti oníbàtà. Bí kámẹ́rà ṣe wọ ilé wa nìyẹn.

Ìjì, nígbà tí a bá ń wo fídíò àwọn tó ń gun alùpùpù, ó máa ń dà bí ẹni pé wọ́n kàn tan kámẹ́rà, wọ́n sì gbéra. Irọ́ ni. Ọwọ́ máṣíìnì ni mo kọ́kọ́ dè é mọ́, nítorí ibẹ̀ ló rọrùn jù. Nígbà tí mo délé tí mo wò ó, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ̀n. Ilé ń gbọ̀n, igi ń gbọ̀n, ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀ náà ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Mo gbé e kúrò níbẹ̀, mo dè é mọ́ àyà. Kàkà kéwé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i. Àpò oògùn tí mo gbé kọ́ ọrùn bọ́ síwájú kámẹ́rà, láti ilé dé ibi iṣẹ́, awọ dúdú àti síìpù nìkan ni mo yà.

Mo bá lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Obìnrin náà le díẹ̀, kì í rẹ́rìn-ín àfi tó bá fẹ́ kí ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín fún fọ́tò. Ó yẹ akoto tí mò ń dé sórí wò, ó lẹ ìdè kámẹ́rà mọ́ iwájú rẹ̀ níbi àgbọ̀n. Ó ní, “Ibi tójú ẹ bá wò ni kámẹ́rà máa wò báyìí. Ṣáà jẹ́ kí orí ẹ dúró.” Ó tún ní kí n fi makirofóònù kékeré sínú akoto, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí n wá nǹkan rírọ̀ bò ó, torí bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ariwo afẹ́fẹ́ nìkan ni màá gbọ́. Mo ròyìn èyí fún ọkọ mi. Ó mú fóòmù èjìká kóòtù kan, ó gé e, ó sì rán an síbẹ̀ fún mi. Ẹni tó fẹ́ kí n ta máṣíìnì náà ló ń bá mi tún akoto ṣe.

Kí orí mi dúró. Ó rọrùn lẹ́nu. Ṣé o rántí bí ọ̀nà ibi iṣẹ́ mi ṣe rí? Ìyá Oníbúrẹ́dì ni wọ́n wà ní kọ́nà àkọ́kọ́. Bàbá tó jẹ́ ọ̀gá-àgbà ilé-ìwé wa tẹ́lẹ̀ á ti gbé àga síta. Aláago á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mi ò lè yọ ọwọ́ kúrò lórí bíréèkì kí n máa juwọ́, orí ni mo fi máa ń kí wọn, màá dẹ eré, màá sì tẹrí ba dáadáa. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mò ń ṣe é mọ́. Kámẹ́rà tó wà lórí akoto náà ń tẹrí ba ní tirẹ̀. Mo wò ó nílé: ọ̀nà, ọ̀nà, táǹkì epo. Ọ̀nà díẹ̀ sí i, táǹkì epo. Níwájú ilé tí àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì máa ń kóra jọ sí, táǹkì nìkan ló wà níbẹ̀ títí mo fi kọjá wọn tán. Mo kí ènìyàn débi pé gbogbo ibi tí ọ̀dà ti bó lára táǹkì yẹn, mo ti mọ̀ ọ́n lórí.

Ó wá ku gígé àti lílẹ̀, èyí tí mo rò pé ó rọrùn. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń ṣe é. Ọwọ́ mi kọ́kọ́ dí jù. Mo fi lẹ́tà tó ń fò sí i, mo fi ìràwọ̀ tó ń já sí i, mo jẹ́ kí àwòrán máa yí kí òmíràn tó wọlé. Ayàwòrán wò ó díẹ̀, ó bojú. Ó ní kí n kó gbogbo ọ̀ṣọ́ náà dànù, kí n fi ibi tó dáa sílẹ̀, kí n gé ìyókù. Mo bá padà sídìí rẹ̀. Ibikíbi tí táǹkì bá ti yọjú, mo gé e. Mo lẹ ọ̀nà mọ́ ọ̀nà. Mo pa ohùn inú rẹ̀ láì tiẹ̀ fetí sí i, mo fi orin tó gbóná díẹ̀ dípò. Nígbà tí mo parí rẹ̀, ó ń dán, ó ń yọ̀, mo sì yin ara mi.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mo pe ọkọ mi wá wò ó. Ó jókòó pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, ó ń wò, ojú rẹ̀ ń yí padà. Nígbà tó parí, ó yọ abẹ́rẹ́ ẹnu rẹ̀.

Ó ní, “O ò kí Ìyá Oníbúrẹ́dì.”

Mo ní mo kí wọn.

Ó ní, “Níbo? Ibi tá a ti rí wọn rèé, ibi tó o ti kọjá wọn rèé. Ọ̀gá-àgbà náà, fìrí báyìí. Ìwọ tó jẹ́ pé o máa ń kí ajá aládùúgbò. Ẹni tó bá lè kọjá lára àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ yẹn, eré àsápajúdé ló ń sá. Ohun tí mò ń bẹ̀rù gan-an nìyí.”

Mo tún un wò pẹ̀lú ojú tirẹ̀. Òótọ́ ló ń sọ. Bí mo ṣe gé e yẹn, ṣe ni mò ń fò láti kọ́nà dé kọ́nà bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀, orin náà sì ń tì mí lẹ́yìn. Kámẹ́rà tí mo rà kó lè gbè mí ti lọ jẹ́rìí takò mí, oṣù sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ní òdìkejì, oníbàtà ti ń gbá ibi tí yóò máa gbé máṣíìnì sí.

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ táǹkì fún ọkọ mi. Ó dà bí irọ́ létí èmi fúnra mi. Ó ní kí n gbé èyí tí mi ò tíì gé wá, kí n sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń rán ojú bọ́tìnnì, ó ń wò. Nígbà tí táǹkì àkọ́kọ́ yọ, ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá, bí táǹkì bá ti yọ, á dárúkọ ẹni tí mò ń kí, kì í sì í ṣì í. Inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Lójijì ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ.

Ohùn mi ló gbọ́. Ìjì, mo ti gbàgbé pé makirofóònù wà nínú akoto. Mo gbọ́ ara mi tí mò ń sọ pé, “Ìjì, kòtò lọ́wọ́ ọ̀tún.” Nígbà tó ṣe díẹ̀, “Ìjì, yanrìn wà níwájú, rọra.” Lẹ́bàá ọjà, “Ìjì, mọ́tò yẹn fẹ́ yà.” Báyìí ni mo ṣe ń ké e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí mo ṣe máa ń ké e nígbà tí o bá ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn. Mi ò mọ̀ rárá pé mo ṣì ń ṣe é. Ojú kọ́kọ́ tì mí, lẹ́yìn náà mo sunkún. Àárò rẹ ń sọ mí, ọ̀rẹ́ mi. Mo ti ń fi ẹ̀rín bò ó láti ọjọ́ tí o ti lọ sọ́dọ̀ màmá, ṣùgbọ́n ó ń sọ mí gan-an.

Ọkọ mi jẹ́ kí n sunkún tán. Ó wá ní, “Ẹni tó ń ké kòtò fún ẹni tí ò sí lẹ́yìn ẹ̀, òun kọ́ ló máa já sí kòtò.” Mo rò pé ẹjọ́ ti parí. Ó ní rárá, ó ku ibì kan. Ó ní aṣọ tí a fi ojú wò yàtọ̀ sí èyí tí a wọ̀ sára, pé òun máa jókòó sẹ́yìn mi fúnra òun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé akoto rẹ tó wà lọ́dọ̀ wa. Ó kéré fún un, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ síta bí ti ọmọ tó fẹ́ fun fèrè. Ó ní òun ni yóò di kámẹ́rà mú lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe ṣáná sí máṣíìnì báyìí, ó dì mọ́ mi, ó fi ojú pamọ́ sí mi lẹ́yìn. Ọkùnrin tó ga débi pé ó máa ń bẹ̀rẹ̀ kó tó wọ ilé. Oníbàtà jáde wá wò wá. A lọ dé ẹ̀yìn odò, a padà. Nígbà tó sọ̀, ó kọjá tààrà sí ṣọ́ọ̀bù oníbàtà. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Ó ní oníbàtà máa wá òmíràn. Ó fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo ti fi káàdì tí fídíò ọjọ́ náà wà lórí rẹ̀ sínú àpò ìwé yìí. Má wulẹ̀ wá ọ̀nà nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì mi nìkan lo máa rí, torí àárín àyà rẹ̀ àti ẹ̀yìn mi ló fún kámẹ́rà mọ́. Gbígbọ́ ni kí o gbọ́ ọ. “Rọra” tó wà níbẹ̀rẹ̀ pọ̀ débi pé mi ò lè kà á. Ìyá Oníbúrẹ́dì bèèrè pé, “Télọ̀, ṣé ìwọ nìyẹn?” Ọkọ mi fi ohùn ẹni tó wà nínú ìkòkò dáhùn pé, “Èmi ni, mà.” Lórí òkè, “rọra” ń dín kù. Létí odò, ó tán pátápátá, afẹ́fẹ́ nìkan ló kù. Ibẹ̀ ló ti sọ ohun kan tí mi ò gbọ́ lọ́jọ́ náà, àfi ìgbà tí mo délé tí mo wo fídíò. Ó ní, “Fi kún eré ẹ díẹ̀.” Kò mọ̀ pé mo ti gbọ́ ọ.

Bá mi kí ẹ̀gbọ́n rẹ àti ìyàwó wọn, kí o sì fi ẹnu ko àwọn ìbejì wọn lẹ́nu fún mi. Ọkọ mi ní kí n kí ọ, ó ní akoto rẹ fún òun lórí jù. Kọ̀wé sí mi, má fi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ṣe àwáwí, ọwọ́ la fi ń kọ̀wé.

                                        Èmi ni, tìrẹ nílé àti lójú ọ̀nà,
                                        Ìyá Alùpùpù.