Igi Afàrà Tí Mo Kùn Ní Dúdú

Bàbá mi ọ̀wọ́n, káfíńtà Ọ̀kà,

Omi inú ọ̀rá ni wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù yín báyìí. Mo gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ́jọ́ Ẹtì, mi ò sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ lọ wò níbẹ̀. Ara mi kì í gbé ojú kan, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi iṣẹ́ ìránṣọ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ti padà sí i. Ìkàrẹ́ ni mo ṣì wà, nínú yàrá kan náà, èmi nìkan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ bàsì yẹn ni.

Mo wà ní kíláàsì kẹrin girama nígbà tí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ní ọmọbìnrin kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan gìtá bàsì àwọn. Ẹ kò bá wọn jà. Ẹ lọ sí Ìkàrẹ́, ẹ tọrọ ọrùn bàsì kan tí ara rẹ̀ ti fọ́, ẹ wá mú pákó afàrà tó ṣẹ́ kù nígbà tí ẹ kan àjà ilé ẹ̀kọ́ kan, ẹ fi gbẹ́ ara tuntun fún un. Bẹ́ẹ̀ ẹ kò ta gìtá rí láyé yín. Irin ìsàlẹ̀ tí okùn so mọ́, bó bá fi díẹ̀ yẹ̀ ní àyè rẹ̀, ohùn á máa kan ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ tú u. Ẹ ó ní kí n ta á, ẹ ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ẹ ó máa gbọ́. Bí kò bá dùn, ẹ kò ní sọ nǹkan kan, ẹ ó kàn yọ pẹ́ńsù lábẹ́ fìlà. Ẹ gé igi wẹ́wẹ́ dí ojú síkúrù àtijọ́, ẹ fi ìfági fá a títí ọwọ́ kò fi lè mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dùn, ẹ kò sì yíjú padà. Èjìká yín ló ń mì. Ṣé ẹkún ni, Bàbá?

Àwa márùn-ún la máa ń pàdé lọ́sàn-án Sátidé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Bàbá Wáyà ní Ìkàrẹ́, Mùsùlùmí àgbàlagbà kan tó ń tún rédíò ṣe. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú ń ṣe jẹun, bàsì ló kó wa jọ. A máa ń fi omi ọṣẹ se okùn tó ti kú kí ohùn rẹ̀ lè jí, a máa ń tún wáyà inú rẹ̀ so, a sì máa ń fi bàsì ṣe pààrọ̀. Òfin kan la ní. Kí bàsì tó kúrò lọ́wọ́ ẹni, onítọ̀hún á dìde, á sọ ìtàn rẹ̀ lójú gbogbo wa: ẹni tó ṣe é, ẹni tó ti lò ó, ibi tó ti fọ́ rí. Ìtàn yẹn náà lẹni tó gbà á yóò máa sọ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn. A kì í bèèrè ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìwé wa.

Bàbá, ojú ló tì mí. Èmi nìkan ni obìnrin láàárín wọn, Ìyá Bàsì ni wọ́n ń pè mí. Tiwọn ń dán yanran. Igi àjà ni tèmi. Mo ra ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń kun mọ́tò, mo kun ún látòkè délẹ̀, mo lẹ orúkọ òyìnbó mọ́ orí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo gbé e fún Délé ará Ìpè, ọ̀kan nínú wa, mo dìde, mo ní ẹ̀gbọ́n mi ló fi ránṣẹ́ láti London. Ẹ̀gbọ́n wo? Àkọ́bí yín ni mí. Bàsì olókùn márùn-ún tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, oṣù méjì péré ni mo lò ó tí mo tún fi ṣe pààrọ̀.

Ẹ ṣì wà láàyè nígbà náà. Ìyẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Orí ibùsùn lẹ wà tí ẹ ní kí n gbé e wá, kí ẹ wò ó bóyá ọyẹ́ ti là á. Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ kò tún bèèrè mọ́. Àbí ẹ ti mọ̀ ni?

Ní Sátidé tó kọjá, Délé gbé e wọlé. Ó ti fi sánpépà ha gbogbo ọ̀dà náà dà nù. Mo rí i bí ẹ ṣe gbé e fún mi lọ́jọ́ kìíní, ó funfun bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Bàbá Wáyà fi èékánná kàn án, ó ní afàrà nìyí, ó ní àwọn tó ń ṣe gìtá lókè òkun ń wá igi yìí kiri. Délé tú irin ìsàlẹ̀, ó fi ojú síkúrù tí ẹ dí hàn wá, ó ní etí ẹni tó ṣe eléyìí kò sùn rárá. Ó fẹ́ kí onítọ̀hún ṣe òmíràn fún ọmọbìnrin òun. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n bá òun bi ẹ̀gbọ́n mi ní London léèrè ẹni náà.

Mo dìde.

“Bàbá mi ló ṣe é,” ni mo wí. “Káfíńtà ni wọ́n, ní Ọ̀kà. Mi ò ní ẹ̀gbọ́n kankan.”

Bàbá Wáyà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ìyá Bàsì, ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́sí, bàbá lónìí. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ìwọ fúnra rẹ lo máa gbẹ́ ẹ.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò lè bínú, èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín. Délé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá àga kan wà tí ẹ kàn, tàbí ẹnì kan tó rí yín nígbà tí ẹ ń ṣe é. Mo ronú títí. Màmá ti ṣáájú yín lọ. Àwọn ọmọṣẹ́ yín ti tú ká, mi ò mọ ibi tí ẹnì kankan wà. Wọ́n ti wó ilé ẹ̀kọ́ yẹn. Ẹ̀yin nìkan ni ẹlẹ́rìí mi.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó dá a padà fún mi, nítorí láàárín wa, bí irọ́ bá wà nínú ìtàn bàsì, pààrọ̀ náà tú ká nìyẹn. Ó gbé e mọ́ àyà, ó ní òun kò lè fi í sílẹ̀. Mo wá tọrọ pẹ́ńsù, mo ní kó jẹ́ kí n kọ orúkọ yín sí abẹ́ irin náà, níbi tí ojú kò ní tó. Ó fi ọwọ́ bo irin náà.

“Ẹ má bínú, Àǹtí. Irọ́ kan wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ha á kúrò ni. Mi ò lè jẹ́ kí ẹ kọ òmíràn sí i.”

Bàbá, lọ́jọ́ tó bá ń gbé e fún ẹlòmíràn, á dìde, á ní afàrà ni, á ní a kò mọ ẹni tó ṣe é. Kò ní jẹ́ irọ́ lẹ́nu tirẹ̀. Ìtàn tí yóò máa bá a kiri nìyẹn, èmi ni mo sì fi í sí i.

Ó ní n lè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ní Ìpè lọ́jọ́ Ìsinmi, kí n wá gbọ́ ọ. Mi ò tíì lọ. Bí mo bá jókòó síbẹ̀, tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá ní bàsì yìí mà dùn o, kí ni kí n wí?

Èmi ni, àkọ́bí yín, tí ẹ gbẹ́ ẹ fún.