Iṣẹ́ Tí Daddy Ní Àwọn Ṣe

Auntie Saadat mi,

Ẹ kú àìrójú. Ẹ bá mi kí Màmá, ọkọ yín àti àwọn ọmọ. A wà ní àlàáfíà ní Thamesmead. Munir ọmọ mi ti ríṣẹ́ ní ilé àwọn arúgbó kan ní Plumstead. Orúnkún mi ṣì ń yọ mí lẹ́nu. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá wà nínú ẹrù tí mo fi ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ Daddy gan-an ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Ẹ rántí Rex Tolliver, òṣèré kọ́bọ̀ì ayé àtijọ́ tí Daddy máa ń fi fíìmù ẹ̀ pàlọ́ fún wa. Ní Tuesday, nọ́ọ̀sì bi Daddy léèrè iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Wọ́n ní jíjábọ́ lórí ẹṣin nínú fíìmù làwọn fi bẹ̀rẹ̀, pé lẹ́yìn náà ni àwọn onífíìmù ní kí àwọn máa ṣe olè, kí àwọn tó di ọ̀gá ọlọ́pàá. Ìtàn Rex Tolliver ni wọ́n ń sọ bíi tiwọn, nọ́ọ̀sì sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n fi wa bọ́ọ̀sì ní Woolwich, wọn ò mẹ́nu bà á.

Mo ní, "Daddy, Màmá wa tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Wọn ò fún mi níyàwó nínú fíìmù yẹn."

Auntie, ó ti sú mi, n ò mọ ohun tí mo lè ṣe. Ọlọ́hun á dá ẹ̀mí gbogbo yín sí fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, tí Màmá bá pè ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, kí wọ́n má bi Daddy bóyá wọ́n rántí àwọn. Kí wọ́n ṣáà béèrè bí ẹṣin ṣe wà.

Àbúrò yín,
Medinat