Oògùn Ìrora Tí O Kọ̀ fún Ọmọ Rẹ

Àbúrò mi,

Owó oògùn ìrora tí o yá mi fún orúnkún Bàbá nìyí, ó pé. Mi ò jẹ ọ́ mọ́.

Ṣé dáadáa ni ìwọ àti ọkọ rẹ wà? Orúnkún Bàbá ti fúyẹ́.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ẹwà sí ikùn ọmọ rẹ, kò gbé oògùn kankan mì nílé mi. Ó ní o sọ pé, "Ìwọ lo fowó ra ìrora, jẹ ẹ́ tán." Ìwọ tí o fi igbe jí gbogbo ilé torí eyín kan! Ìrora ò jẹ́ kó lè dìde rìn, nọ́ọ̀sì sì ní ẹ̀jẹ̀ lè dì sí i lẹ́sẹ̀ kó pa á. O ò gbé ìpè mi. Fi ẹnu kan náà bẹ̀ ẹ́ kó lo oògùn.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká sunkún ọmọ. Ọjọ́bọ̀ ni mo ń retí ìpè rẹ.